Ìwádìí Tí Súnkànmí Ṣe ní Amẹ́ríkà

Súnkànmí ní kò sí ilẹ̀kùn kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tí òun kò kàn. Ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, òun fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà já láti òkun dé òkun, òun sì bi gbogbo wọn léèrè ọ̀rọ̀, àtàgbà àtìkókó. Èyí tó ń sùn, òun jí i. Èyí tó ti kú, òun dúró létí sàréè rẹ̀ títí tó fi dáhùn. Ó ní ìka tí òun fi ń kanlẹ̀kùn jẹ tán dé ọrùn ọwọ́, àfi ìgbà tí àwọn dókítà ibẹ̀ rọ òmíràn fún òun.

"Èwo nínú àwọn ìka yẹn ni tuntun?" Juliana, ìyàwó Bàbá Oyèníran, bi í.

"Gbogbo wọn ni, Mọ́mì. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń dán?"

Ọ̀rọ̀ tó gbé e dé pálọ̀ Bàbá Oyèníran ní Gorton lọ́sàn-án Àìkú kan lọ́dún 1991 kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Wùmí, ọmọ Bàbá, tí wọ́n bí sí Manchester níbẹ̀, ti rí ọmọ Amẹ́ríkà kan tó fẹ́ fẹ́, Paul lorúkọ rẹ̀. Yunifásítì ni wọ́n ti pàdé. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Àìkú yìí, Bàbá ní òun ò kọ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní fi ọmọ fún ilé tí a kò wádìí. Nílé, èèyàn á rán àbúrò rẹ̀ lọ sí ìlú ọkọ, á bi àwọn aládùúgbò léèrè lábẹ́lẹ̀: ṣé wọn kì í jalè nílé yẹn? Ṣé wèrè ò sí nínú ẹbí? Ṣé wọ́n ń kí èèyàn? Ta wá la fẹ́ rán lọ sí Amẹ́ríkà?

"Èmi!" ni Súnkànmí, tó sábà máa ń yà kí wọn nílé, wí, Bàbá ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Pápá ọkọ̀ òfurufú Manchester ló ti ń ṣiṣẹ́, tó ń gbálẹ̀ inú ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà dé. Ó ní ojoojúmọ́ ni àwọn awakọ̀ ń fa òun láṣọ pé kí òun jẹ́ káwọn jọ padà.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé Súnkànmí fẹ́ Wùmí fún ara rẹ̀. Ọdún kejì rèé tó ti ń wá bí yóò ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu tó ń ró bí ẹ̀rọ ìlọta yẹn kì í ṣí mọ́ bí ọmọbìnrin náà bá ti wọlé. Bí Amẹ́ríkà bá bàjẹ́ lójú Bàbá, ààyè á ṣí. Ló bá lọ fara pamọ́ sọ́dọ̀ Ṣàngótúndé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Rochdale, ìlú tí kò jìnnà sí Manchester, fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kó ìwé ìròyìn tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ lórí àga ọkọ̀ dání. Ọ̀kan nínú wọn gbé èsì ìwádìí jáde: báwo ni ọ̀rẹ́ ará Amẹ́ríkà ti pọ̀ tó, ṣé ó mọ aládùúgbò rẹ̀, ṣé ó gba Ọlọ́run gbọ́, ṣé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Súnkànmí ò fi bẹ́ẹ̀ kàwé, ṣùgbọ́n ibi tí kò bá yé e, ó fi orí ara rẹ̀ dí i.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé bàbá Paul fúnra rẹ̀ ti dé láti Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kan ṣáájú kó tó padà wá jíṣẹ́, ó wá kí àna. Ọkùnrin dúdú mìnìjọ̀ ni. Òjò ti pa á ní Hyde Road, títì àdúgbò wọn, títí ó fi rin gbingbin, ni Juliana bá gba aṣọ rẹ̀ lọ sá, ó kó bùbá, ṣòkòtò àti fìlà ọkọ rẹ̀ fún un wọ̀. Òun ló jókòó ní igun pálọ̀ tó ń jẹ ẹ̀pà yẹn. Súnkànmí ò rí Paul rí, kò rí bàbá rẹ̀ rí. Bó ṣe wọlé ló ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àlejò: "Ẹ kú òtútù o, sà! Ará Ìlá ni yín, àbí Ìkirè? Ojú yín jọ ti Ìkirè." Ọkùnrin náà ò gbọ́ Yorùbá, ó kàn rẹ́rìn-ín, ó na ẹ̀pà sí i. Bàbá Oyèníran ti ń retí kí wọ́n dì mọ́ra wọn; nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀, ó rò pé àwàdà ni Súnkànmí ń ṣe, ó ní kó jíṣẹ́.

"Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rẹ́, sà. Nínú ọgọ́rùn-ún ará Amẹ́ríkà, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni kò lọ́rẹ̀ẹ́ kankan. Ẹnì kan tó ṣẹ́kù, ajá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo bi ajá náà, ó ní àwọn ò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ra."

"Yéè!" ni Juliana ké.

"Ti aládùúgbò ńkọ́? Ilé kan ń jó lójú mi báyìí, aládùúgbò gbé àgbàdo jáde, ó ń fi iná ilé onílé sun ún."

"Wọ́n ń sin Ọlọ́run ṣá?" Ohùn Bàbá ti ń lọ sílẹ̀.

"Lẹ́nu, sà! Bí mo bá bi wọ́n pé, 'Ṣé Ọlọ́run ń bẹ?' òrùlé á fẹ́ ṣí: 'Ó ń bẹ!' Bí mo bá wá ní, 'Ta ló lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lánàá?' ikọ́ á dé. Gbogbo ìlú á máa wúkọ́. Pásítọ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àga ló ń wàásù fún. Méjì nínú àwọn àga náà ti di àtúnbí."

"Daddy, irọ́ ló ń pa!" Omi ti lé sójú Wùmí. "Ọ̀rẹ́ Paul pọ̀ débi pé a kì í ríbi jókòó nílé ẹ̀."

Bàbá mi orí. "Wùmí, mi ò lè fi ọ́ ránṣẹ́ sáàárín àwọn tí kì í kí èèyàn. Bí o bá bímọ, ta ni yóò bá ọ gbé e?"

Inú Súnkànmí dùn débi pé etí rẹ̀ ń mì. Ká ní ibẹ̀ ló panu dé! Ṣùgbọ́n ẹnu Súnkànmí ò ní bíréèkì.

"Ẹ ò tíì gbọ́ ti ilé Paul gan-an! Bàbá rẹ̀ funfun bí ẹfun, irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, ó gùn dé orúnkún, òun ló fi ń gbálẹ̀ ilé. Ó sunkún lé mi léjìká títí olú fi hù níbẹ̀. Ó ní, 'Súnkànmí, ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo láyé, má jẹ́ kí wọ́n fọmọ fún Paul o!'"

Bàbá Oyèníran wo igun, ó tún wo Súnkànmí.

"Bàbá Paul funfun?"

"Bí òwú, sà."

"Bó o bá tún rí i, wàá dá a mọ̀?"

"Nínú òkùnkùn biribiri, sà! Kí wọ́n tún da àpò bò ó lórí!"

Bàbá yíjú sí àlejò, ó fi òyìnbó bi í bóyá ọmọkùnrin yìí dé ilé rẹ̀ rí. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀pà ẹnu rẹ̀ mì, ó fi imú dáhùn bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe: rárá o, òun tí òun jẹ́ bàbá Paul kò rí i rí. Ṣùgbọ́n ó wu òun, nítorí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, kò sẹ́ni tó nà gbalaja sílẹ̀ kí òun rí. Ó na ọwọ́ sí Súnkànmí, ó ní ṣé kò ní jẹ́ káwọn ṣọ̀rẹ́?

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Wùmí.

"Wùmí, fóònù Paul kó máa bọ̀ wá jẹun," ni Bàbá wí. "Ìwádìí ti parí. Juliana, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí irọ́ yìí má baà jáde lọ ba Manchester jẹ́."

"Bàbá, ẹ má bínú, mo gbàgbé fìlà mi sí Amẹ́ríkà," ni Súnkànmí wí. "Ẹ jẹ́ n sáré lọ mú un."

Kí Juliana tó dé ìdí ilẹ̀kùn, ó ti gba abẹ́ apá rẹ̀ yọ, ó ti bọ́ sí Hyde Road nínú òjò, eré tó ń sá sì le débi pé bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìgboro yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un.