Ta Ló Ni Òkú Ìyá Àmínà?

Ìyá Àmínà kú láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, lórí ẹní tó fi kírun Àsùbáà, ní yàrá ẹ̀yìn ilé wọn n'Íbido, ní Ṣàgámù. Ikú wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Gbogbo ilé ti jókòó yí i ká, àfi Mọ́ṣúdù, ẹni tí obìnrin náà tọ́ dàgbà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ẹ ó kúkú bi mí pé kí ló ń lé e kiri.

Hausa ni Ìyá Àmínà. Sábó, níbí ní Ṣàgámù, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ máa ń wá ra gbànja lọ́wọ́ bàbá Mọ́ṣúdù, ìdí gbànja yẹn náà ni bàbá Mọ́ṣúdù ti rí ọmọbìnrin tó wù ú, tó sì fẹ́ ẹ. Ìyá tó bí Mọ́ṣúdù gan-an kú nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Àmínà tí kò bímọ kankan ló gbé e pọ̀n, òun ló fún un lógì, òun ló fà á lọ́wọ́ lọ sílé kéwú, gbànja tó ń bó, tó ń tà ló sì fi rán an lọ sí yunifásítì. Èdè Rẹ́mọ tó máa ń sọ, àwọn ọmọ òde òní kò gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Mọ́ṣúdù yìí kan náà ló wá ń du ipò káńsílọ̀. Ọ̀nà kò dára, omi kò yọ, iná ń ṣe ségesège, kò rí èyíkéyìí sọ nínú wọn. Báyọ̀, ọmọkùnrin tó ń bá a ṣètò ìbò, ló sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kòtò ojú títì kì í mú èèyàn pàtẹ́wọ́. Bó ṣe gba gbohùngbohùn lọ́jọ́ Sátidé ní gárèèjì ọkọ̀ Ògèrè, níbí ní Ṣàgámù, nìyẹn, ó ní ọmọ Rẹ́mọ ló ni Rẹ́mọ. Ó ní kí àwọn Gàmbàrí Sábó máa di ẹrù wọn, pé bí òun bá wọlé, ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ kan kò ní í sí lọ́wọ́ àlejò mọ́. Ariwo sọ, wọ́n gbé e sókè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbé e sókè yẹn, Ọ̀fà ni wọ́n ti wá, àwọn mìíràn láti Ìsẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ilé bàbá wọn. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ o, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ òwe nígbà tí wọ́n ń gbé e sókè?

Nígbà tó máa fi délé, fídíò ọ̀rọ̀ tó sọ ti dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àmínà. Àwọn ọmọ adúgbò ló fi hàn án.

"Mọ́ṣúdù," obìnrin náà ní, "ṣé èmi náà á di ẹrù?"

Mọ́ṣúdù rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kọ́, Ìyá. Òṣèlú lásán ni. Àwọn yẹn ni mò ń bá wí."

"Àwọn wo?"

Fóònù rẹ̀ dún, ó sì bá ibẹ̀ jáde. Inú rẹ̀ dùn pé fóònù dún, ká má parọ́. Ó ní òun á padà wá jókòó tì í lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Sọ́ńdè sì kọjá. Ohun tó ń lé e kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Kàdíjátù, àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àgbà ilé, ló dá a dúró. "Ta lẹ rán sí Sábó?"

"Sábó kẹ̀?"

"Ṣé o fẹ́ gbẹ́lẹ̀ fún ìyàwó ilé láìlọ túfọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó bí i? Níbo lo ti rí i? Àwọn ló ni òkú ọmọ wọn. Bí wọ́n bá ní ká sin ín, a ó sin ín. Ìwọ ni dáwódù ilé yìí, ẹsẹ̀ rẹ ló máa lọ."

Báyọ̀ ní, "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká kàn tètè sin ín, kí ọ̀rọ̀ má di ti orí afẹ́fẹ́."

Ìyá Kàdíjátù wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, àbí ìwọ lo fẹ́ ẹ níyàwó?" Ìyá àgbà yíjú sí Mọ́ṣúdù. "Ìwọ tó ń lé àlejò. Ṣàgámù tó o ń wò yìí, ta ni kò ru ẹrù wọ̀ ọ́?"

Mọ́ṣúdù lọ, Báyọ̀ tẹ̀ lé e. Ní Sábó, ẹrù dídì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé méjì mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó kí i. Màlámù Sálísù, àbúrò Ìyá Àmínà tó ń ta ẹran, jókòó níwájú mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí Mọ́ṣúdù wà ní kékeré, ẹran dídín ọwọ́ bàbá yìí ló máa ń sáré wá jẹ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó túfọ̀. Bàbá náà bú sẹ́kún, ó fi etí agbádá bojú.

"A ti ń gbẹ́ sàréè sí ẹ̀gbẹ́ bàbá wa, Màlámù. Àṣẹ yín la wá gbà."

"Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó o sọ ní gárèèjì."

"Òṣèlú ni, Màlámù."

"O ní ká di ẹrù wa, a sì ti ń dì í. Ṣé a ó wá kó ẹrù, ká fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pè é ní àlejò? Bá a bá lọ tán, ta ni yóò máa dúró ṣàdúà lórí sàréè rẹ̀?"

"Èmi ni. Ọmọ rẹ̀ ni mí."

"Lọ́jọ́ Sátidé ńkọ́?"

Mọ́ṣúdù tún dojú bolẹ̀. Ojú tì í débi tí etí rẹ̀ fi gbóná.

"Àárín wa ni a ó sin ín sí," Màlámù Sálísù ní. "Bí wọ́n bá lé wa, wọn ò lè lé òkú. Bó bá jẹ́ pé ìyá rẹ ni, wá bá wa sin ín."

Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, Báyọ̀ fa apá aṣọ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá rí yín láàárín àwọn èèyàn yìí lónìí, ìbò ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sin ín. A ó ṣe fìdáù ńlá n'Íbido, a ó pe oníròyìn." Èmi ò ní í tàn yín, ọ̀rọ̀ náà wọ Mọ́ṣúdù létí. Ó rò ó, ó tún un rò.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, wọ́n gbé òkú dé ìtẹ́ òkú Sábó. Mọ́ṣúdù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátápátá ló dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ sá lè sá sí. Kò lè dúró sójú kan. Báyọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣọ́ àwọn tó gbé fóònù sókè.

Màlámù Sálísù gbójú sókè létí sàréè. "Ọmọ rẹ̀ dà? Kó wọ inú sàréè wá gba òkú."

Mọ́ṣúdù wo òkú nínú lìkáfànì. Obìnrin tó gbé e pọ̀n, ó ti kéré tó báyìí, òun kò sì mọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe é, ìbẹ̀rù bò ó. Báyọ̀ di apá aṣọ rẹ̀ mú pinpin. Ó já a gbà, ó gba àárín èrò kọjá, kò sẹ́ni tó yà fún un, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Ó bọ́ bàtà, ó wọlẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wà nínú sàréè ṣáájú rẹ̀, ọmọ ọmọ Sálísù. Ibẹ̀ há. Mọ́ṣúdù kò mọ ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí, ó tẹ ọmọ náà lẹ́sẹ̀, ó ń wí nǹkan tí kò já gaara. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó wò ó lójú, ó fẹ̀yìn mọ́ ògiri ilẹ̀, ó fún un láyè.

"Ẹ bọ́ sí apá orí, bọ̀dá," ó ní, Yorùbá rẹ̀ já geere. "Apá ẹsẹ̀ ni tèmi. Ẹ̀yin lọmọ."