Aṣọ Tí Wọ́n Fọ̀ Lọ́jọ́ Ìtúkọ̀

Ọ̀gá Cawood pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, orin sì dá.

"Ẹ dúró ná. Kí ni mo ń wò?"

Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó wà níwájú rẹ̀ wo ara wọn. Aṣọ ibùsùn aláwọ̀ búlúù kan ni wọ́n dì mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ti ń jù ú sókè sódò láti ìgbà tí orin ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìgbì òkun ni, sà," Leanne Stathers dáhùn.

"Aṣọ ibùsùn ni mo rí. Ẹ ò tiẹ̀ lọ̀ ọ́."

Leanne bú sẹ́rìn-ín. Keeley Blenkin ò rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà, òun ló wá ohùn fún un, òun náà ló sì ń ṣe obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú sójú omi.

Kíláàsì eré orí ìtàgé ni wọ́n wà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá ìran eré olórin kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré: ọ̀rọ̀ tiwọn, orin tiwọn, ijó tiwọn. Ìdajì máàkì ọdún náà wà níbẹ̀. Láìsí máàkì yẹn, Keeley ò ní rí ẹsẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ eré ní Leeds, kò sì ní ọ̀nà mìíràn.

"Obìnrin kan jókòó, ó ń sunkún," ni Ọ̀gá Cawood wí. "Ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ rì. Ó ṣeni láàánú. Ṣùgbọ́n kí ni òun fúnra rẹ̀ ṣe? Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kò ní orin láti kọ. A kì í kọrin torí pé ohùn wa dùn. Ìgbà tí ẹnu ò bá lè sọ ọ́ mọ́ là ń kọrin. Kí ni obìnrin yìí ò lè sọ?"

Ó nawọ́ sí kàlẹ́ńdà ara ògiri.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Ẹ lọ wá a."

Keeley mọ ohun tí obìnrin náà ò lè sọ. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Ìyá bàbá rẹ̀, Edie Blenkin, ló tọ́ ọ dàgbà. Nánà ló ń pè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Nánà ń bó ọ̀dùnkún nílé ìdáná. Bó ṣe ń bó o, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè ka ìwé ìròyìn gba inú rẹ̀. Keeley ti ń bẹ̀ ẹ́ láti oṣù kan pé kó fún òun ní ìtàn tí òun máa fi ṣe iṣẹ́ kíláàsì. Nánà kì í dáhùn. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Nílùú àwọn apẹja tó wà létí odò Humber yìí, kò sí ọmọ tí kò mọ̀ pé bí ọkọ bá ń tukọ̀ lọ, ìyàwó kì í sìn ín dé èbúté, kì í juwọ́ sí i, kì í sì í fọṣọ lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó bá fọṣọ lọ́jọ́ ìtúkọ̀, ọkọ rẹ̀ ló ń fọ̀ dànù sínú òkun. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ nínú ìwé.

"Bàbá ẹ ni," Nánà wí. "Ọmọ oṣù mẹ́rin ni nígbà yẹn. Ó ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti òru. Ìlédìí mẹ́fà ni mo ní, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ti bàjẹ́. Ṣé kí n jẹ́ kó máa sùn nínú ìgbẹ́ ni? Ọkọ̀ tí Frank ọkọ mi wà nínú ẹ̀ ò tíì kúrò ní wákàtí méjì tí mo fi da omi gbígbóná sínú agbada ìfọṣọ. Mo fa aṣọ ojú fèrèsé. Iwájú iná ni mo sá wọn sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí okùn lẹ́yìnkùlé mi."

"Ìlédìí lásán ni, Nánà."

"Ṣẹ́ẹ̀tì Frank wà láàárín wọn. Mi ò mọ bó ṣe débẹ̀. Ìgbà tí mo ń fún omi ara wọn dànù ni mo rí apá ṣẹ́ẹ̀tì náà."

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, yìnyín bo ọkọ̀ náà ní àríwá Iceland, ó wúwo ju ohun tó lè gbé lọ, ó sì dojú dé. Ọkùnrin mọ́kàndínlógún ló bá a lọ. Frank Blenkin wà níbẹ̀. Ọkọ Mavis Stathers, ìyá àgbà Leanne, wà níbẹ̀. Opó méje ló ṣẹ́ kù nínú àwọn ìyàwó wọn báyìí. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pàdé ní gbọ̀ngàn ìjọ àwọn atukọ̀ láti mu tíì, Nánà ló sì ń gbé kéèkì lọ.

"Mavis ò mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo ti ń jókòó tì í." Nánà mú ọ̀bẹ rẹ̀ padà. "Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ ré kọjá ẹnu ọ̀nà yìí."

"Kò ní ré kọjá."

Lọ́jọ́ kejì ìbáwí Ọ̀gá Cawood, Keeley ká aṣọ ibùsùn náà, ó jù ú sí kọ̀rọ̀.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ó wí. "Ó fọṣọ."

"Lọ́jọ́ ìtúkọ̀?" Leanne la ẹnu sílẹ̀. "Yéè! Ta ló máa dán irú ẹ̀ wò? Mọ́mì mi ò jẹ́ kí n tan ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ́jọ́ tí Dádì bá ń padà síbi iṣẹ́ epo lójú òkun, bẹ́ẹ̀ bàálù ló ń gbé e lọ. Níbo lo ti rí i?"

"Orí mi ló ti wá."

"Orí ẹ ò dáa rárá, ọ̀rẹ́ mi."

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ ń yá. Wọ́n wá agbada páànù kan, wọ́n da omi sí i ní tòótọ́. Ìró aṣọ tútù tí wọ́n ń nà mọ́ ẹ̀gbẹ́ agbada ni ìlù wọn. Nígbà tí orin bá dé góńgó, àwọn mẹ́ta yòókù á dákẹ́, Keeley á gbé aṣọ kan jáde láti inú omi, á máa fún un:

*Mo fún un, mo fún un, omi ń kán,*
*apá ta ló dì mọ́ mi lọ́wọ́ yìí?*

Ọ̀gá Cawood ò pàtẹ́wọ́. Ó kàn mi orí, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Keeley ò fi orúkọ kankan sílẹ̀. Obìnrin náà di Ruth, ọmọ rẹ̀ di obìnrin, ọkọ̀ náà ò lórúkọ, ọdún rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó gbà pé òun ti gbá ilẹ̀ náà mọ́.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ gbogbo ìgbésẹ̀ wọn àti ibi tí èrò kọ̀ọ̀kan ti wá. "Èrò tí kò ní orísun, olè ni," Ọ̀gá Cawood máa ń wí. Máàkì márùn-ún ló ń yọ lára ẹni tí kò bá kọ orísun. Keeley ò fẹ́ pàdánù máàkì márùn-ún. Ní ojú ewé kẹrìnlá, pẹ̀lú ìkọ̀wé tó mọ́ tónítóní, ó kọ ọ́ pé: *Orísun: Nánà, nílé ìdáná wa. Ìlédìí Dádì àti ṣẹ́ẹ̀tì bàbá àgbà, lọ́jọ́ ìtúkọ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.* Olùdánwò nìkan ló rò pé ó máa kà á. Lọ́jọ́ Ajé tí Ọ̀gá Cawood ń sọ pé wọ́n máa pàtẹ àwọn ìwé náà fún àlejò, Keeley ń ka ìṣísẹ̀ ijó rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀mí. Kò gbọ́.

Agogo méjì ọ̀sán Ọjọ́rú ni àwọn òbí wá wòran. Ó ti sọ fún Nánà pé kó má ṣèyọnu, pé ariwo ọmọdé lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó yọjú láàárín aṣọ ìkélé dúdú, ó rí Nánà ní ìlà kẹta, báàgì rẹ̀ lórí itan, Mavis Stathers lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá àgbà mi ló lọ wọ́ wọn jáde," Leanne sọ fún un létí. "Ó ní, 'Edie, wọ bàtà ẹ. Àwọn ọmọ wa ń ṣeré, ìwọ ń bó ọ̀dùnkún.'"

Keeley fa aṣọ ìkélé padà. Orin àkọ́kọ́ tí wọ́n pa tì ṣì wà nínú orí rẹ̀. Bó bá sọ pé àwọn ò lo agbada, àwọn yòókù á bínú, ṣùgbọ́n wọ́n á tẹ̀ lé e. Ó rí olùdánwò tó ń ṣí gègé rẹ̀. Ó ronú kan Leeds. Ó gbé agbada jáde.

Ó kọrin náà dáadáa. Nígbà tó dé ibi *apá ta*, Nánà tẹrí ba, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mavis ló pàtẹ́wọ́ ju gbogbo èèyàn lọ.

"Ó dáa o!" ó ń wí, ó ń nu ojú. "Òmùgọ̀ obìnrin yẹn! Ṣùgbọ́n àánú ẹ̀ ṣe mí. Edie, àánú ẹ̀ ò ṣe ẹ́?"

"Ó ṣe mí," Nánà wí.

Nígbà tí Keeley pààrọ̀ aṣọ tó sì jáde, àwọn àlejò ti wà nídìí tíì. Lórí tábìlì gígùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó rí àwọn ìwé iṣẹ́ ní ṣíṣí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mavis ti wọ awò ojú rẹ̀.

"Màmá, ti Keeley lẹ mú yẹn," Leanne ń wí. "Tèmi rèé níbí."

Ìka Mavis wà lórí ìlà kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ìwé náà padà síbi tó ti mú un gan-an, ó sì rìn lọ bá Nánà, tó ń gbé ife tíì méjì bọ̀, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún Mavis.

"Ṣẹ́ẹ̀tì Frank wà níbẹ̀?"

Nánà wo Keeley fìrí.

"Ó wà níbẹ̀."

"Ọdún márùndínláàádọ́ta, Edie."

"Mo mọ iye ẹ̀."

Mavis mú kóòtù rẹ̀, ó jáde. Nánà dúró láàárín gbọ̀ngàn pẹ̀lú ife méjì lọ́wọ́, àfi bí ẹni tí kò rí ibi tó máa gbé wọn sí.

"Nánà, mi ò dárúkọ yín nínú eré. Orúkọ kankan ò sí níbẹ̀."

"O kọrin náà dáadáa," Nánà wí. "Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni mo gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, Nánà ṣe kéèkì bó ṣe máa ń ṣe é, ó tò ó sínú agolo, ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dáa, ó sì lọ. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi padà dé. Ìró agolo náà lórí tábìlì wúwo.

"Àga mẹ́fà ni wọ́n tò," ó wí.

"Ẹ ò béèrè òmíràn?"

"Àga pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Mi ò béèrè."

Ó gé kéèkì náà sí ègé méje. Àwọn méjèèjì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú tíì lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Ajé, Keeley gba máàkì rẹ̀. Òun ló ga jù ní kíláàsì. Ọ̀gá Cawood kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: *A ti mọ ohun tí kò lè sọ.* Keeley fi ìwé náà sínú báàgì, kò fi hàn nílé.

Ègé kan ló kù nínú agolo. Ó ti gan. Nánà gbé e sínú àwo, ó tì í síwájú Keeley.

"Mi ò lè jẹ ẹ́, Nánà."

"Jẹ ẹ́. A kì í fi oúnjẹ ṣòfò nínú ilé yìí."

Nánà dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó wá gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó gbé e padà sí àyè rẹ̀.