Orúkọ Àmọ̀kẹ́ lórí Òkè Kumano

Lẹ́yìn tí oyún oṣù mẹ́jọ kú sí Shukurat nínú, ó ń wá ibi tí yóò ti pe orúkọ ọmọ náà sókè. Òun àti obìnrin márùn-ún mìíràn ló jọ ń gbé yàrá kan ní Sharjah, nítòsí Dubai. Ta ni yóò sunkún níbẹ̀? Orí fóònù ló ti rí Kumano, ìgbèríko olókè kan ní Japan, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fẹsẹ̀ rin inú igbó lọ gbàdúrà lẹ́bàá omi tó ń já láti orí àpáta. Ère òkúta kéékèèké wà lójú ọ̀nà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò dàgbà.

Ọ̀gá rẹ̀, Àǹtí Títílayọ̀, tó ń kó ẹrù láti ọjà Deira ní Dubai lọ sí Èkó, ní àwọn méjèèjì á jọ lọ. Oṣù mẹ́jọ ni Shukurat fi ṣètò rẹ̀: bọ́ọ̀sì, ilé àlejò orí òkè, ibi tí Àǹtí á ti máa sinmi nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Orúkọ ara rẹ̀ ni Shukurat fi gba gbogbo yàrá.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí ní òun nìkan ló ń lọ.

"Ta ló máa dúró ti ẹrù? Ìwọ náà rò ó."

Shukurat kúnlẹ̀. "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi pe orúkọ ọmọ mi. Àmọ̀kẹ́ ni."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ tí ò mí rí? Èyí tó kú ti kú. Khalas, ó parí! Yalla, lọ di ẹrù."

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ìrìn àjò náà, Àǹtí fi fọ́tò ránṣẹ́ láti Kumano. Ó gbé ẹsẹ̀ lé orí ọ̀kan nínú àwọn ère ọmọdé náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Shukurat wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló fagi lé àwọn yàrá tó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀sán Sharjah, tó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ní Japan, Àǹtí pè.

"Shukurat! Wọ́n ní kò sí yàrá fún mi! Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú níbí, bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ti lọ. Mi ò lè tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́."

"Ẹ pe orúkọ ọmọ mi."

"Kí lo wí?"

"Ẹ pè é, Àǹtí."

"Àmọ̀kẹ́." Ẹkún ti gba ohùn rẹ̀. "Àmọ̀kẹ́ o! Jọ̀ọ́, bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

Shukurat pa fóònù.

Ọ̀pá ni Àǹtí fi rìn wọ Dubai padà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti fagi lé visa Shukurat, tí òun ló ṣe onídùúró fún. Shukurat kò bẹ̀ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù bó ṣe ń di báàgì rẹ̀ ni pé, láti ọjọ́ tí Àǹtí ti sunkún pe orúkọ Àmọ̀kẹ́ nínú òjò, oorun àsùnwọra ló ń sùn, ọkàn rẹ̀ kò sì dá a lẹ́bi.