Síméǹtì Lára Lọ́rì Bàbá Ṣọ́jà

Irin kì í purọ́. Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi ń ṣe pánẹ́bítà, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Dọ̀pẹmu, n kò sì tíì rí irin tó purọ́ fún mi. Onímọ́tò á ní jẹ́jẹ́ lòun ń lọ, irin á ní eré ló ń sá. Irin ni mo máa ń gbà gbọ́. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí ara mi dòní, pé odindi ọjọ́ méjì ni mo fi gba ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣọ́jà gbọ́, tí n kò wo irin tó wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá Ṣọ́jà ni gbogbo àdúgbò ń pe Sájẹ́ǹtì Olúgbénró, ará Èkìtì tó wa ọkọ̀ fún àwọn ológun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lọ́rì Bẹ́dífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń wà lójú ogun ni wọ́n rà nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń ta ọkọ̀ àlòkù, wọ́n sì ń kẹ́ ẹ bí ìyàwó kékeré. Apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, torí wọ́n ti ṣe é kí ìjọba tó ní ká máa gba ọwọ́ ọ̀tún ọ̀nà. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá ò lè gbé lọ́rì náà dé ìta láìjẹ́ pé Màmá Ọládùnní, ìyàwó wọn tó jẹ́ tíṣà nígbà kan, jókòó tì wọ́n lápá òsì. Ẹyẹlé ni mo máa ń pe àwọn méjèèjì.

Ní Tọ́sìdeè kan nínú oṣù karùn-ún ọdún 2000, Màmá lọ gba oògùn ní Ìlúpéjú, Bàbá sì dá gbé lọ́rì jáde. Nígbà tí wọ́n máa fi dé, iwájú lọ́rì lápá òsì ti wó. Fẹ́ńdà tó bo táyà ti ká, ẹnu ṣásí, irin gbọọrọ tó ru gbogbo ọkọ̀, sì ti wọ́ wọnú. "Tírélà ló já lù mí l'Abúlé Ẹ̀gbá," ni Bàbá wí. Ẹ sì mọ àwọn Èkìtì: bí wọ́n bá ti sọ pé iyán ni, ì báà jẹ́ ẹ̀bà, ẹ yáa jẹ ẹ́ níyán.

Àgbàlá ilé wọn ni mo ti ń tún un ṣe, nítorí Bàbá ò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìkánjú sì wà ńbẹ̀. Ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ìjọba alágbádá á pé ọdún kan. Ogójì ọmọ iléèwé àdúgbò wa ló ń lọ yan ní pápá ìṣeré Agége, Bàbá sì ti ṣèlérí pé lọ́rì òun ló máa gbé wọn lọ. Fatimah ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà nínú wọn. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, bí mo bá rán an ní omi, yíyan ló ń yan lọ pọn ọ́n. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ní àárọ̀ Sátidé, ẹnu ṣásí ló kù. Mo ti tú bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà sílẹ̀, iwájú lọ́rì ṣí gbayawu. Mo fi iná gáàsì jó irin náà títí ó fi pọ́n, mo so ṣéènì mọ́ ọn, mo so ìdí ṣéènì mọ́ igi máńgòrò. Lọ́rì fúnra rẹ̀ á wá máa rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, irin tó ká á máa nà. Ẹni tó wà nídìí sítíárìn kì í wo irin. Ọwọ́ pánẹ́bítà ló ń wò, torí bí wọ́n bá ti tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn ẹnì kejì. Mo dúró lápá òsì níbi tí irin ti ká.

"Bàbá, bí mo bá ti na ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ tẹ búréèkì o."

"Ta lò ń kọ́? Nígbà tí mò ń wa ọkọ̀ yìí lábẹ́ ìbọn, ìwọ ṣì ń ṣeré nínú yẹ̀pẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́."

Lọ́rì fà. Ṣéènì gbéra nílẹ̀, ó le dandan. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í nà, inú mi ń dùn. Nígbà tó dé ibi tí mo fẹ́, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè. Lọ́rì ò dúró. Mo ń jùwọ́, mo ń fò sókè, mo ń pariwo. Igi máńgòrò ni Bàbá tẹjú mọ́. Ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo rí ojú ṣéènì kan tó ń là, mo sì dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó já. Ó fò kọjá lórí mi, ó lu ògiri ilé, búlọ́ọ̀kù kan sì fọ́ yángá. Ìgbà yẹn ni Bàbá tó tẹ búréèkì.

Mo dìde, mo gbọn yẹ̀pẹ̀ dànù lára. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn ẹ̀rù ni ìbínú dé.

"Bàbá! Ẹ ò rí ọwọ́ mi ni?"

"O ò na ọwọ́ kankan."

Ibẹ̀ ni ojú mi ti lọ sára fẹ́ńdà tó wà nílẹ̀. Síméǹtì gbígbẹ há sínú gbogbo ibi tó ti ká, ọ̀dà búlúù sì wà lára síméǹtì náà. Ọjọ́ méjì ni mo ti ń gbá a dànù bí ìdọ̀tí lásán. Tírélà wo ni wọ́n ń fi síméǹtì mọ? Ní gbogbo Dọ̀pẹmu, ògiri kan ni mo mọ̀ tó ní búlúù yẹn, ògiri iléèwé Fatimah. Láti Tọ́sìdeè ni apá kan rẹ̀ ti wó. Wọ́n ní ọkọ̀ ńlá kan ló gbá a tó sì sá lọ. Ìdí ògiri yẹn sì ni àwọn ọmọ máa ń jókòó sí jẹun.

"Bàbá, ògiri iléèwé lẹ gbá," mo wí. "Ẹ ò ríran lápá òsì. Fatimah ò ní wọ lọ́rì yìí. Ọmọ ẹnì kankan ò ní wọ̀ ọ́."

Ojú Bàbá pọ́n. "Èmi ni afọ́jú? Èmi Olúgbénró? Kó irin ẹ! Pánẹ́bítà pọ̀ l'Abúlé Ẹ̀gbá, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé e lọ báyìí." Wọ́n tú jíà kúrò nínú ti ẹ̀yìn, wọ́n sì tì í bọ ti iwájú.

Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì láti ìgbà tí ṣéènì ti já. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà, wọ́n rìn wá sí iwájú lọ́rì lápá òsì, wọ́n sì dúró síbẹ̀, kò ju ìwọ̀n apá kan lọ sí irin. Mo la ẹnu láti pariwo. Wọ́n na ìka kan sí mi, bí tíṣà ṣe ń ṣe sí ọmọ tó ń pariwo ní kíláàsì, mo sì pa ẹnu dé. Títí di òní n kò mọ ohun tó mú mi dákẹ́. Lọ́rì mì, ó sún síwájú jẹ́jẹ́, iná ò tíì pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, irin rẹ̀ kan ìró Màmá.

"Bàbá Fẹ́mi! Mo wà níwájú yín!" ni Màmá ké sí ọkọ wọn.

Búréèkì ké. Bàbá na ọrùn, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo igi máńgòrò.

"Níbo?"

Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n kọjú sí mi.

"Suara, ẹ̀yin ń pè wá ní ẹyẹlé. Ọdún méjì ni ojú òsì wọn ti kú. Mò ń jókòó síbẹ̀, mò ń sọ fún wọn pé mọ́tò ń bọ̀, èèyàn ń bọ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì sọ. Èmi náà ni mo wó ògiri yẹn."

Bàbá sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ tá ara lọ́rì títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Màmá. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lọ́rì lé Màmá lọ́wọ́, Màmá sì dì í mọ́ etí ìró.

"Bí mi ò bá wa ọkọ̀ mọ́, kí ni mo wá jẹ́?" ni Bàbá wí. "Mo sì ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ yẹn."

Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. "Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń yan, Bàbá. Wọn kì í fi lọ́rì yan."

Ní Mọ́ńdè, Bàbá dé iléèwé pẹ̀lú fìlà ológun lórí, àmì ẹ̀yẹ láyà. Wọ́n lọ dúró níbi tí ògiri ti wó, wọ́n sì sọ fún ọ̀gá iléèwé lójú gbogbo àwọn ọmọ pé, "Èmi ni mo wó o, mo sì sá." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ síwájú ogójì ọmọ, Màmá wà lọ́wọ́ òsì wọn, èmi wà lẹ́yìn, a fi ẹsẹ̀ yan lọ sí Agége. Fatimah ló tẹ̀lé Bàbá gan-an.

A dé ojú títì Dọ̀pẹmu. Bàbá ti gbé ẹsẹ̀ láti sọdá, bọ́ọ̀sì kan sì ń sáré bọ̀ láti apá òsì.

"Ó ń bọ̀!" Màmá ké e síta, gbogbo èrò Dọ̀pẹmu gbọ́.

Bàbá dúró, ẹsẹ̀ wọn kan wà lókè. Ogójì ọmọ dúró lẹ́yìn wọn. Bọ́ọ̀sì kọjá, eruku rẹ̀ bo bàtà wa.

"Ó ti lọ," ni Màmá wí, Bàbá sì gbé ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀.