Ẹrù Àwọn Tó Ti Lọ

Àpótí àkọ́kọ́ tí Fẹ̀hìntọlá fà kò fẹ́ kúrò nílẹ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ìdí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Fẹ̀hìntọlá fi ẹsẹ̀ kan ti ògiri, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fà á. Àpótí náà já lójijì, òun náà sì fìdí jókòó sáàárín eruku. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo yàrá náà yí ká, tí ẹ̀rín sì tán lẹ́nu rẹ̀.

Yàrá ẹrù ni wọ́n ń pè é. Silas, bàbá Fẹ̀hìntọlá, ló fi èrè aṣọ tó ń kiri tà nílẹ̀ Àkókó kọ́ ilé náà sí Òkèsà, ní Iléṣà. Nínú gbogbo yàrá ilé náà, èyí ló tóbi jù, òun nìkan ló sì kọjú sí títì. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí síbẹ̀. Akíndélé, àkọ́bí, ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Jámánì tipẹ́, kò sì tíì padà wálé. Bánjí, àbíkẹ́yìn, ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Òkè-Fìà, l'Òṣogbo. Fẹ̀hìntọlá tó wà láàárín ni kò lọ síbì kankan. Ó ń ṣe tíṣà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sílé, ó sì ń tọ́jú ìyá wọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Adédìran tó fẹ́ fẹ́ ẹ nígbà náà dúró dè é. Ó dúró, ó dúró, ó sì wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ gbé ẹlòmíràn níyàwó.

Bí ẹnì kan bá ń lọ, á kó ẹrù tí kò lè gbé sínú yàrá yìí, á ní, "Mò ń bọ̀ wá kó o." Fẹ̀hìntọlá á wá fi kánfọ̀ sí i. Bí ọyẹ́ bá ti dé, á kó gbogbo rẹ̀ sóòrùn, á gbọn eruku rẹ̀, á sì tò ó padà bó ṣe wà. Yàrá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ilé, lòun máa ń sùn. Nígbà tí ìyá náà kú lọ́dún 1993, Fẹ̀hìntọlá gbìyànjú láti máa sùn síbẹ̀ lọ, àmọ́ etí rẹ̀ kò yé retí ohùn tó máa ń béèrè omi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló jí tó sì mọ ohun tó ń wù ú. Yàrá tirẹ̀ ni. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, kò sì tíì ní yàrá rí. Ó ránṣẹ́ sí Bánjí lọ́wọ́ awakọ̀ kan pé kó wá kó ẹrù rẹ̀ ní Sátidé.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ kí Bánjí tó dé. Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì onírin Akíndélé, ó bá àwo fífẹ̀ kan, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń fọ yanrìn wá góòlù lọ́dún tó sá kúrò ní ṣúkúù lọ sí Ìpẹ̀rìndó. Yanrìn díẹ̀ ṣì wà nídìí rẹ̀. Fẹ̀hìntọlá gbé àwo náà sún mọ́ ojú, bóyá nǹkan á dán níbẹ̀. Kò sóhun tó dán. Láyé ìgbà yẹn, Akíndélé á máa súfèé bọ̀ láti ìsàlẹ̀ títì, ìyá wọn á sì ti bomi sílẹ̀ dè é kó tó kan ilẹ̀kùn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, wọ́n ní. Fẹ̀hìntọlá gbọn yanrìn náà dànù. Ṣé àjò ti wá dùn tó bẹ́ẹ̀ ni?

Oòrùn ti kan àtàrí kí Bánjí tó wọlé pẹ̀lú mọ́tò Pijó akẹ́rù kan tó yá.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, orí ìlà epo mọ́tò ni mo sùn mọ́jú."

"O káre. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí yín."

Ó mú un lọ síbi tó to ẹrù rẹ̀ sí. Àwọn àgò tí Bánjí fi sin ehoro nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ wà níbẹ̀, wọ́n gun orí ara wọn. Bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni rédíò bàbá wọn, tí Bánjí tú palẹ̀ lọ́mọdé tí kò lè tò padà, tó sì jẹ pàṣán lé lórí. Bánjí wò wọ́n bí ẹni ń wo ẹrù àlejò.

"Kí ni n ó fi ìwọ̀nyí ṣe? Ẹ jẹ́ ká dà wọ́n nù."

"Ká dà wọ́n nù?"

"Èwo ló tún wúlò níbẹ̀?"

Fẹ̀hìntọlá gbé bàtà náà sókè. Awọ rẹ̀ ń dán. "Bánjí, gbogbo ọdún ni mò ń fi òróró pa bàtà yìí kó má bàa gbẹ."

"Àǹtí mi, ta ló ní kí ẹ máa ṣe é?"

Kò fìbínú sọ ọ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó dun Fẹ̀hìntọlá wọra. Ó wá inú ara rẹ̀ títí, kò rí ẹni tó ní kó ṣe é. "Mò ń bọ̀" ni gbogbo wọn sọ. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó ń lọ náà ló máa ń ní òun ń bọ̀? Bí a ṣe ń dágbére nìyẹn. Òun nìkan ló di ọ̀rọ̀ náà mú bí ìlérí.

"Ó dáa," ló wí. "Gbé ibẹ̀ yẹn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù síta. Ìyá Táòfíkì, aládùúgbò wọn, wá kó àwọn àgò náà fún adìẹ rẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún wọn. Wọ́n dáná sun ẹní àti páálí tí ikán ti jẹ. Bánjí ní òun á máa kó ìṣó àti ìdè rédíò sínú àwo góòlù náà, Fẹ̀hìntọlá ní kó máa mú un lọ. Ó tún rí i tí àbúrò rẹ̀ dọ́gbọ́n gbé rédíò náà sí iwájú mọ́tò, lábẹ́ ìjókòó. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tí wọ́n wọ́ àpótí tó gbẹ̀yìn kúrò, Bánjí fi òòlù lu fèrèsé tí ìpata ti dè pa títí tó fi ṣí. Ìmọ́lẹ̀ ya wọlé. Fẹ̀hìntọlá fọ ilẹ̀, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Akíndélé fún ara rẹ̀. Yàrá náà ti ṣófo débi pé bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ báyìí, ògiri á gbà á lẹ́nu wọn.

Bánjí dúró sáàárín yàrá náà, ó ń fi èékánná họ ọ̀dà ara ògiri.

"Àǹtí mi, gbogbo ẹ̀ náà ti tán báyìí?"

"Ìwọ lo ní ká dà á nù."

"Mo mọ̀." Ó tún họ ògiri náà. "Bí onílé wa bá ti ń yọ mí lẹ́nu l'Òkè-Fìà, mo máa ń sọ fún ìyàwó mi pé mo níbi tí mo ti wá o, ẹrù mi wà ní Iléṣà. Kí ni n ó máa wí báyìí?"

Fẹ̀hìntọlá wò ó. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hu funfun. Ìgbà wo nìyẹn ṣẹlẹ̀?

"Máa wí pé ẹ̀gbọ́n rẹ wà níbẹ̀," ló sọ. "Yàrá Màmá sì ṣófo. Ìgbà tó bá wù ọ́ kó o wá sùn."

Bánjí rẹ́rìn-ín, ó yíjú sẹ́yìn, ó sì fi apá aṣọ nu ojú bí ẹni pé eruku kó sí i. Wọ́n jẹ iyán. Bánjí fọ àwo. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, ó sì wọ mọ́tò.

Tẹ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ, ẹ̀yìnkùlé ni Fẹ̀hìntọlá máa ń wà. Ìyá wọn kì í fẹ́ kí wọ́n fi omijé sin èrò sọ́nà, nítorí náà òun á wà nídìí àwo, á máa fi ariwo fọ̀ ọ́ títí ohùn wọn á fi lọ sílẹ̀. Lónìí kò sí àwo. Ó wọ yàrá tuntun náà lọ mú ìgbálẹ̀, ó sì rí mọ́tò Bánjí láti ojú fèrèsé, tó rọra ń gun òkè títì lọ.

Ní ibi tí ọ̀nà ti yà, mọ́tò náà dúró. Fẹ̀hìntọlá rò pé ó bàjẹ́ ni. Ilẹ̀kùn ṣí, Bánjí sọ̀kalẹ̀, ó dúró lójú títì, ó kọjú sí ilé. Òrùlé ló ń wò, kò rí ẹni tó wà lójú fèrèsé. Ọlọ́kadà kan fun fèrè mọ́ ọn, ó yẹra, síbẹ̀ kò gbójú kúrò. Ó pẹ́ kó tó padà wọ mọ́tò, tó yà, tí kò sì hàn mọ́.

Fẹ̀hìntọlá di igi fèrèsé mú. Ibi tí ọ̀nà ti yà yẹn náà ni Akíndélé gbà lọ, láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ sí Jámánì. Bóyá Akíndélé náà dúró wo ilé. Pípadé ni fèrèsé yìí wà nígbà náà, ẹrù ti dí i, òun sì wà lẹ́yìnkùlé tó ń fọ àwo.