Àmì Èékánná Létí Ọ̀dà

Lẹ́yìn tí a sin ọmọ mi, mo ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Àbúrò mi obìnrin, tí a jọ ń gbé, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lára òun lásán. Lọ́jọ́ yẹn ó wo àpò mi, ó wo ojú mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ awò ojú ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán, ẹni tí kò rí ohun tó wà lábẹ́ imú rẹ̀, èmi ni mo máa ń lọ gíláàsì tó bá ojú wọn mu. Ìyá ọmọ mi kò pẹ́ láyé, nítorí náà ìdí ẹ̀rọ mi ni ọmọ náà ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ tó bá ti iléèwé dé. Ariwo ẹ̀rọ kò dí i lọ́wọ́. Nígbà tó sọ pé ìmọ̀ ìràwọ̀ lòun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, mo bi í bóyá wọ́n ń gba obìnrin síbẹ̀. Ó ní wọ́n ń gbà wọ́n, wọn ò kàn fi bẹ́ẹ̀ wá ni. Mo ní kó lọ kún wọn.

Ó kàwé gboyè, ó tún fi òmíràn lé e, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ ní ilé ìwòràwọ̀ tó wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Àwọn aládùúgbò kò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin tó ń tún mọ́tò ṣe níwájú wa a máa dá a dúró lọ́nà, á ní kó bá òun wo ojú ọ̀run bóyá ọkọ òun ní obìnrin níta. Ọmọ mi á ní, “Àǹtí, ìràwọ̀ ò mọ ọkọ yín rí. Fóònù rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò.”

Ohun kan ló máa ń bà á nínú jẹ́. Òun nìkan ni obìnrin tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ lókè yẹn. Tí àwọn ọmọ iléèwé bá wá ṣàbẹ̀wò, àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n máa ń pè kí wọ́n wá yí awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n á ní kí àwọn ọmọbìnrin tò síwájú rẹ̀ kí wọ́n ya fọ́tò. Ó bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀gá ní òun ti gbọ́. Bó ṣe ń gbọ́ ọ lọ́dọọdún nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ọmọ mi wọlé, ó jókòó, kò tiẹ̀ tíì bọ́ bàtà.

“Bàbá mi, tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, ta ló máa ní kó má fọwọ́ kàn án?”

Mo ní n kò mọ ẹni náà.

“Ẹ yá mi ní yàrá iṣẹ́ yín ní Sátidé.”

Bí àwọn ọmọbìnrin iléèwé gírámà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa nìyẹn. Dígí awò ìràwọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Èyí tó kéré jù nínú wọn, ọmọ mi sọ ọ́ ní Kílódé, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń bá wọlé nìyẹn. Kí ló dé tí omi fi pọ̀? Kí ló dé tí a ò lo ẹ̀rọ? Kí ló dé tí Bàbá kì í rẹ́rìn-ín? Mo dáhùn méjì, mo fi ẹ̀kẹta sílẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Gíláàsì róbótó méjì ni. A ó gbé ọ̀kan lé orí ìkejì, a ó bu yanrìn líle àti omi sáàárín wọn, a ó máa tì í lọ, a ó máa fà á bọ̀. Díẹ̀díẹ̀, ti òkè á jin nínú bí àwo, ti ìsàlẹ̀ á sì yọ ikùn. Èyí tó jin yẹn ló máa di dígí. Nígbà tó bá ku kó dán, a ó yọ́ ọ̀dà dúdú lórí iná, a ó dà á sójú gíláàsì ìsàlẹ̀, a ó sì máa fi ìyẹ̀fun pupa àti omi lọ gíláàsì òkè lórí ọ̀dà náà títí tí yóò fi mọ́ bí omi.

Ọ̀dà yìí ní ìwà. Tó bá le jù, á họ ojú gíláàsì. Tó bá rọ̀ jù, iṣẹ́ á wọ́. Èékánná àtàǹpàkò la fi ń dán an wò. A ó tẹ̀ ẹ́ létí: tí èékánná bá wọ̀ ọ́ díẹ̀, tí kò rì, ó ti tó nìyẹn. Ọmọ mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́. Kílódé bẹ̀ ẹ́ títí.

“Ó dọjọ́ tí èékánná ẹ bá gbọ́n,” ni ọmọ mi máa ń sọ fún un.

Òfin kan tún wà tí mo fi lé wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. A kì í fi gíláàsì sílẹ̀ lórí ọ̀dà. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi, kó kọ́kọ́ gbé e kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ sín, kó gbé e kúrò. Tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, omi á gbẹ, ọ̀dà á gbá gíláàsì mú, ẹni tó bá sì fagbára yà wọ́n á fọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọmọ mi tẹ ọ̀dà létí, ó ní ó ti tó, kí Kílódé bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì jókòó sórí àpótí. Ìdí fèrèsé ni mo wà. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ṣubú. Ọkùnrin tó ń tún mọ́tò ṣe ló gbé wa lọ sílé ìwòsàn, àwọn ọmọ sì sáré tẹ̀lé mọ́tò títí ẹsẹ̀ wọn kò fi gbà á mọ́. Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Kò sẹ́ni tó rántí gíláàsì. Èmi náà kò rántí rẹ̀ àfi ìgbà tí àwọn tó wá kẹ́dùn ti lọ tán. Mo wọ yàrá iṣẹ́, mo bá a níbi tí wọ́n fi í sí, òkè àti ìsàlẹ̀ ti di ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo bó ṣe lẹ̀ tó. Ìgbà yẹn ni mo rí i. Létí ọ̀dà, níbi tó yọ díẹ̀ sóde, àmì èékánná ọmọ mi wà níbẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Ìdí tí mo fi tìlẹ̀kùn nìyẹn.

Láràárọ̀ ni mo máa ń wọlé lọ wò ó. N kì í pẹ́ níbẹ̀, n kì í sì í fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀dà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó ti dì bí òkúta, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣàn. Ó kàn ń ṣàn pẹ̀lẹ́ ju ohun tí ojú lè rí lọ ni. Ooru sì máa ń mú kó yá. Oòrùn ọ̀sán máa ń wọ yàrá náà tààrà, nítorí náà mo fi aṣọ nínípọn ta fèrèsé.

Kílódé wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú aṣọ iléèwé lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó kí àbúrò mi, ó sì jókòó sétí àga. Ó ní ilé ìwòràwọ̀ ti gbà níkẹyìn pé àwọn máa mú àwọn ọmọ iléèwé, wọ́n á kọ́ wọn ní bí a ti ń lo awò ńlá náà, ẹni tó bá sì ṣe dáadáa, wọ́n á rán an lọ sí yunifásítì. Ọmọ mi ló jà fún un títí wọ́n fi gbà. Àwọn tó bá gbé dígí tí wọ́n ṣe fúnra wọn wá nìkan ni wọ́n máa mú. Iléèwé àwọn ọmọkùnrin ti parí tiwọn. Ó ní bàbá àgbà tó ń tọ́ òun ti sọ pé tí òun bá ti jáde ìwé, ìdí káńtà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lòun máa jókòó sí, àyàfi tí nǹkan mìíràn bá yọjú. Nǹkan mìíràn tó yọjú nìyí.

Mo ní mo ti ti yàrá yẹn.

Ó ní òun mọ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

“Èmi ni mo fi gíláàsì sílẹ̀ lórí ọ̀dà, Bàbá. Ọwọ́ mi ló wà. Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe tìlẹ̀kùn?”

“Rárá. Èèyàn lo sá tẹ̀ lé. Ká ní o dúró gbé gíláàsì lọ́jọ́ yẹn ni, mi ò bá ti lé ẹ jáde nílé yìí.”

“Kí ló dé nígbà yẹn?”

Mo fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò mi.

“Ẹ má bínú o, Bàbá. Àmọ́ kì í ṣe nǹkan yín la wá tọrọ. Gíláàsì wa ni.”

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà ìsìnkú, kò sẹ́ni tó tíì rẹ́rìn-ín nínú ilé wa. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó máa lọ sílé kílẹ̀ tó ṣú, ó sì dìde.

Nígbà tó lọ tán, àbúrò mi ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Kò gbójú sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tọ́jú síbẹ̀?”

Ó rọrùn fún mi láti fi hàn án ju kí n sọ ọ́ lọ. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ká aṣọ fèrèsé sókè díẹ̀, mo nawọ́ sí etí ọ̀dà. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó padà lọ mú awò ojú tí mo ṣe fún un, ó fi í sójú, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Mi ò rí nǹkan kan níbí, Ẹ̀gbọ́n.”

Mo ní kó kúrò nínú ìmọ́lẹ̀. Mo tẹ orí sọ́tùn-ún, mo tẹ̀ ẹ́ sósì. Mo rí i. Ṣùgbọ́n èmi mọ ibi tó yẹ kí n wò. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní rí i mọ́.

Àbúrò mi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ohun tí kì í ṣe, ó sì jáde.

Mo ránṣẹ́ pe Kílódé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti ya gíláàsì àti ọ̀dà láì lo agbára: kí a gbé wọn sínú òtútù. Ọ̀dà á sún kì, á sì jọ̀wọ́ ohun tó dì mú. Nígbà mìíràn gíláàsì ló máa ń là. Àbúrò mi kó omi tútù tó ń tà jáde nínú fírísà rẹ̀, ó ń ráhùn bó ṣe ń kó o, ó ní àwọn oníbàárà òun á máa bi òun bóyá gíláàsì lòun ń tà báyìí, ẹyọ kan tàbí dọ́sìnnì. Mo fi tówẹ̀lì wé gíláàsì náà, mo gbé e sínú fírísà, mo pa ìdérí dé. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí kíṣìnnì.

Kílódé bi mí èwo ló máa ṣẹlẹ̀, ṣé ó máa jọ̀wọ́ ni àbí ó máa là. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní òun rò pé mo mọ gbogbo nǹkan nípa gíláàsì. Mo ní ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó ṣe, a gbọ́ ìró kan nínú fírísà, ó dún bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Kílódé di etí àga mú. Èmi ni mo lọ ṣí i.

Gíláàsì òkè wà lódindi. Ọ̀dà ló fọ́, ó fọ́ yángá-yángá káàkiri tówẹ̀lì. Kílódé gbé gíláàsì sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ń yí i, ó ń wá ibi tó họ, kò rí. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi èjìká nù ún kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa kúrò lára gíláàsì. Èmi ń ṣa ọ̀dà. Mo rí èyí tí mo ń wá, kò tó èékánná méjì ní fífẹ̀. Àmì náà ṣì wà lára rẹ̀ fírífírí. Mo fi í sápò àyà ẹ̀wù mi.

Àwọn ọmọ yòókù dé lọ́sàn-án, a sì dáná. A ò ní ọ̀dà tuntun, ọmọ mi nìkan ló mọ ẹni tó máa ń bá a mú un wá láti òkè òkun, nítorí náà èyí tó fọ́ náà la tún yọ́. Ìyẹn kò burú. Kílódé ń fi igi rò ó nínú ìkòkò. Ó wo inú ìkòkò, ó wo gíláàsì ìsàlẹ̀, ó tún wo inú ìkòkò.

“Kò ní kárí, Bàbá. Etí kan máa ṣófo.”

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ohun tó dín nínú ọ̀dà kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò àyà mi. Ohun tí mo fà jáde ti rọ̀. Ara mi ló mú un gbóná. Ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn ìlà òwú ẹ̀wù mi ló wà lára rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Èmi tí mo fi aṣọ ta fèrèsé nítorí oòrùn, èmi náà ni mo gbé e sí àyà mi.

Mo jù ú sínú ìkòkò. Kílódé wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Kò bèèrè kí ló dé. Ó ń ro ọ̀dà lọ.

A da ọ̀dà, ó kárí. A dúró kó tutù. Nígbà tó tó àkókò, gbogbo wọn wò mí, kí n wá fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún Kílódé pé kó tẹ̀ ẹ́.

Ó nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ara aṣọ, ó wò ó.

“Ṣé ó ti gbọ́n?” ni mo bi í.

“A máa mọ̀.”

Ó tẹ̀ ẹ́ létí, ó ní ó ṣì rọ̀, ká fún un láyè díẹ̀. Mo sún mọ́ ọn láti wò ó. Òótọ́ ló sọ. Àmì rẹ̀ kéré, kò sì gún lápá kan, torí ó máa ń jẹ èékánná. Kò jọ ti ọmọ mi. N kò mọ ìdí tí mo fi rò pé ó lè jọ ọ́.

Wọ́n parí dígí náà, wọ́n gbé e lọ sórí òkè, wọ́n sì mú Kílódé àti méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò tẹ̀ lé wọn. Àbúrò mi lọ. Nígbà tó dé, ó sọ fún mi pé ọ̀gá ibẹ̀ ní kí àwọn ọmọbìnrin bọ́ síwájú fún fọ́tò, Kílódé sì ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná, ọwọ́ mi ò ṣófo.” Àbúrò mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú.

Gíláàsì ìsàlẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì nínú yàrá iṣẹ́, ọ̀dà wà lójú rẹ̀, àwọn àmì èékánná Kílódé sì tò létí rẹ̀. Tí ooru bá mú dáadáa, àwọn náà á tẹ́ lọ. Mo ti ká aṣọ kúrò lójú fèrèsé.