Bàbá Mẹ́rìnlá Tí Ń Sin Oyin

Nígbà tí Lorna Friesen sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé òun ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Jọ́jíà, ẹ̀gbọ́n náà ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ooru ibẹ̀ á ṣe eegun rẹ̀ lóore. Jọ́jíà ti Amẹ́ríkà ló rò. Lorna ní rárá o, èyí tó wà létí Òkun Dúdú ni, níbi tí yìnyín ti ń bo orí òkè. Ẹ̀gbọ́n gbé ife tíì sílẹ̀.

"Ìwọ nìkan? Lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta?"

"Ta lo fẹ́ kí n mú dání?"

Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ ti wà nílé ọkọ, ó sì ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ alálìkámà níwèé ní Saskatchewan, ní Kánádà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ̀gbọ́n ní kí Kérésì tó dé, yóò ti padà wálé.

Kérésì méjèèjì kọjá, ti Kánádà àti ti Kaklovani, abúlé tó ti ń kọ́ni ní Jọ́jíà, tí wọ́n ń ṣe ní oṣù Ṣẹẹrẹ, Lorna ò padà síbi kankan. Ilé Màmá Tsiala ló ń gbé ní abúlé náà, opó bíi tirẹ̀, tó máa ń béèrè lárààárọ̀ bóyá ó ti wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Lorna ti gbọ́ èdè wọn dé ibi tó ti lè bá alápatà jà lórí eegun. Òun nìkan ló ń wọ bọ́ọ̀sì kékeré lọ sí ìlú Kutaisi, á há sáàárín àpò ìyẹ̀fun àti àwọn bàbá arúgbó tí ń bi í léèrè ọjọ́ orí, kò sì bẹ̀rù ẹnì kankan. Inú rẹ̀ ń dùn, ó sì mọ̀ pé inú òun ń dùn. Ó fẹ́ lo ọdún kan sí i. Guram, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ní ohun kan ṣoṣo ló kù: kí àwọn òbí fọwọ́ sí ìwé ní oṣù Ẹrẹ́nà pé àwọn ṣì ń fẹ́ ẹ.

Oṣù Ẹrẹ́nà yẹn gan-an ni Lorna wá fún ọmọ mẹ́rìnlá ní òdo.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Ní Kaklovani, bí tíṣà bá pe ọmọ kan dìde, tí ìdáhùn há a lọ́nà ọ̀fun, àwọn tó kù ni yóò sọ ọ́ sí i létí. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní olè. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó dákẹ́ ni wọ́n ń pè ní ahun. Láti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ni Lorna ti ń kìlọ̀ pé kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, "Ó dáa, tíṣà," wọ́n á sì tún máa sọ ọ́ sí ara wọn létí, pẹ̀lú ìfẹ́. Ó wá fún wọn ní ìdánwò. Ó ní kí wọ́n kọ ìlà mẹ́wàá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nípa iṣẹ́ tí bàbá wọn ń ṣe.

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, ó kó ìwé ìdánwò sórí tábìlì Màmá Tsiala, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo. Ìwé kìíní ní: bàbá mi ń sin oyin, ó ní àpótí oyin méjìlélógójì, oyin ta á ní imú lọ́jọ́ Àìkú. Ìwé kejì ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìwé kẹta, ti Levan, ọmọ ọlọ́pàá abúlé: àpótí oyin méjìlélógójì. Ìkẹsàn-án, ti ọmọ-ọmọ Guram, tí bàbá rẹ̀ ń yọ eyín fáwọn èèyàn ní Kutaisi: oyin ta òun náà ní imú lọ́jọ́ Àìkú. Kí ó tó ka ìkẹrìnlá tán, ó ti yé e. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sin oyin nínú gbogbo bàbá wọ̀nyẹn, Zaza ni, Natia ọmọ rẹ̀ ló sì mọ̀wé jù ní kíláàsì. Natia ti kọ tirẹ̀ tán, ó sì ti fi ránṣẹ́ yí kíláàsì ká.

Lorna rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣàlàyé, Màmá Tsiala náà bá a rín in.

"Ọmọ dáadáa ni Natia," ló wí. "Kò láhun, ó jọ ìyá rẹ̀."

Lorna nu ojú rẹ̀, ó mú kálámù, ó sì kọ òdo mẹ́rìnlá. Ẹ̀rín lọ́tọ̀, máàkì lọ́tọ̀.

Kò sí ọmọ tó gba òdo rí ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Bó ti wù kí ọmọ kan ya olódo tó, ọ̀kan ni wọ́n ń fún un. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gbogbo Kaklovani ti gbọ́. Nanuli, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

"Tíṣà Lorna, ṣé òdo lẹ fún ọmọ Zaza?"

"Gbogbo wọn ni mo fún."

"Kí ló dé tẹ́ ò fún wọn ní ọ̀kan? Ọ̀kan ò pààyàn. Òdo yìí, àfi bíi pé ẹ ní wọn ò sí láyé."

"Nanuli, bàbá mẹ́rìnlá ò lè jọ ní imú kan ṣoṣo."

Nanuli fẹ́ pa ẹ̀rín náà mọ́nú, kò rí i pa mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé Zaza ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, pé ìpàdé òbí di ọjọ́ Ẹtì, pé wọn ò ní fọwọ́ sí ìwé yẹn. "Ẹ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì yín, èmi á máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Màá bá yín fi iyọ̀ díẹ̀ sí i."

"Iyọ̀ yẹn gan-an ni mi ò fẹ́. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ òdo, ẹnu mi ni màá fi sọ ìdí rẹ̀. Má gbà mí sílẹ̀ o, kódà bí mo bá ń rì."

Ẹ má rò pé àyà rẹ̀ ò já. Ó já. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, oṣù Òkúdù ni yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò sì wá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ojú tí ń sọ pé "ṣé mi ò sọ?" Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn, ó sì kà á sí etí màlúù Màmá Tsiala lẹ́ẹ̀mẹta. Màlúù ò rí nǹkan wí sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, gbọ̀ngàn kún. Àwọn òbí jókòó tàwọn ti ẹ̀wù òtútù lára, ààrò irin ń jó ní kọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ má wá. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ló tò sí ògiri ẹ̀yìn.

Zaza dìde. Ọkùnrin gbàgìdì ni, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ohùn rírọ̀ yẹn ló ba Lorna lẹ́rù.

"Tíṣà, bí ebi bá ń pa ọmọ aládùúgbò yín, tí búrẹ́dì wà lọ́wọ́ ọmọ yín, kí ló yẹ kó ṣe?"

"Kó fún un jẹ."

"Ọmọ tèmi fún wọn, ẹ wá fún un ní òdo. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó má láhun. Ta ló wá jẹ̀bi nínú èmi àti ẹ̀yin?"

"Ẹ bá wa bi í," ni Guliko wí, ìyá Levan. "Torí ilé tiwa, ẹkún ni wọ́n sun mọ́jú."

"Ta ló sunkún?" ni ọkọ rẹ̀ ọlọ́pàá bi í.

"Ìwọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn ò tíì rọ̀. Lorna dìde.

"Natia ò láhun," ló wí, ní èdè wọn. "Ẹ̀yin náà ò láhun. Oṣù keje rèé tí mo ti ń jẹun yín, aṣọ mi ò gbà mí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fún ní búrẹ́dì, yó ni yóò yó. Ẹni tí a bá fún ní ìdáhùn, ebi ṣì ń pa á, kò kàn mọ̀ ni. Bàbá Levan, iṣẹ́ tiyín ni mo fẹ́ kà nípa rẹ̀. Mo ṣì fẹ́ kà á." Ọlọ́pàá wo bàtà ara rẹ̀. "Mi ò fún wọn ní òdo torí pé mo kórìíra wọn. Mo fún wọn torí pé mo..."

Ọ̀rọ̀ náà fò lọ. Èyí tó ti sọ fún màlúù lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá a títí, kò rí i. Nanuli ge ètè jẹ, ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní gbà á sílẹ̀. Ẹnu ń yún gbogbo Kaklovani láti ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ti fi òfin de ọ̀rọ̀ etí, kò sì sẹ́ni tó mira. Ojú tì í. Ó mọ̀ pé torí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, ọdún òun fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Bí ẹnikẹ́ni bá fún un lọ́rọ̀ náà lákòókò yẹn, ì bá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

"Gbọ́kàn lé wọn." Láti ẹ̀yìn ni ohùn ti wá, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Natia ni.

"Torí pé mo gbọ́kàn lé wọn," ni Lorna wí.

Ì bá jókòó. Kò sẹ́ni tí ì bá bi í. Ṣùgbọ́n ó nawọ́ mú ìwé máàkì níwájú Guram, ó ṣí i, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ti ọmọ kẹrìnlá, ó sì fi òdo ńlá síwájú rẹ̀. Ó yí ìwé náà sí wọn kí gbogbo wọn rí i.

"Ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ló wí.

Màmá Tsiala ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbọ̀ngàn sì gbè é. Zaza ò rẹ́rìn-ín. Ó rìn wá sídìí tábìlì, ó wo ìwé náà pẹ́.

"Òdo ti ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀. Tèmi náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò mìíràn."

"Ẹ̀yin náà máa ṣe é?"

"Ní èdè yín. Nanuli ló máa bi mí."

Zaza gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ìwé àwọn òbí sọ́dọ̀, ó fọwọ́ sí i, ó wá gbé kálámù náà dúró lófuurufú kó tó fún Guliko.

"Kí n tó gbé e fún ẹlòmíràn," ló wí, "ẹ sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ta ló máa kọ́ wọn?"

Lẹ́bàá ògiri, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ti la ẹnu. Lorna gbé ọwọ́ sókè sí wọn, wọ́n pa á dé.

"Èmi ni," ló wí.